Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Bí A Ṣe Ń De Ẹ̀rọ Ìmiohùn Mọ́ Gìtá Oníná

Ẹ̀yin àgbà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ti parí Ìwé Kìíní àti Ìwé Kejì. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín. Ẹ ti lè ka lẹ́tà ọmọ yín láìpe aládùúgbò. Ohun tó kù báyìí ni kí ẹ fi ìwé kíkà ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀kọ́ inú ìwé yìí fi dá lórí iṣẹ́ ọwọ́. Lónìí, a ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa gìtá.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé, “Tíṣà, èmi kì í ta gìtá o.” Kò burú. Ọmọ rẹ lè máa ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ lè jẹ́ káfíńtà tí wọn yóò gbé gìtá wá bá lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lu ihò sí ibí.” Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán yóò mọ ohun tó yẹ kí ó béèrè kí ó tó gbé irin lé igi.

1. Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ wo dùndún. Awọ wà ní ojú rẹ̀ méjèèjì. Okùn awọ tí a ń pè ní ọsán ni ó so ojú kìíní mọ́ ojú kejì. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ra, awọ á le, ohùn á sì lọ sókè. Bí ó bá dẹwọ́, awọ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Líle àti dídẹ̀ yìí ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá rí. Okùn irin mẹ́fà ni ó wà lára rẹ̀. Okùn tó bá le, ohùn rẹ̀ á ga. Okùn tó bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìmiohùn jẹ́ irin kan tí a ń dè sí apá ìdí gìtá. Òun ni ó di ìdí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú. Ó ní apá kan tó yọ síta, tí ọwọ́ olórin lè tó. Bí olórin bá tẹ apá náà díẹ̀, gbogbo okùn á dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn á wálẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, sípíríǹgì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á tì í padà sókè, ohùn á sì padà sí ipò rẹ̀. Bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́, tí ó ń fi í sílẹ̀ léraléra, ohùn á máa mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, bí ìgbà tí àgbà olórin bá ń fa ìparí orin.

Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ kan. Ti dùndún, bí a bá fún un, ohùn á ga. Ti ẹ̀rọ yìí, bí a bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ìyàtọ̀ kejì ló ṣe pàtàkì jù. Onílù ni ó ń fi etí àti apá ara rẹ̀ dá ohùn ìlù padà. Ṣùgbọ́n lára gìtá, irin ni ó gbọ́dọ̀ dá okùn padà, láìsí ìrànlọ́wọ́ olórin. Bí okùn bá lọ tí kò padà sí ibi tí ó wà gẹ́lẹ́, gìtá ti bàjẹ́ létí àwùjọ láàárín orin. Ègbè á máa lọ lọ́tọ̀, gìtá á máa lọ lọ́tọ̀.

Nítorí náà, gbólóhùn méjì péré ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín:

Okùn gbọ́dọ̀ padà.
Igi kì í padà.

Ìtumọ̀ èkejì ni pé ihò tí a bá ti lu sára gìtá, a ti lù ú nìyẹn. Ẹ máa fi gbólóhùn méjì yìí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

2. Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá

Gìtá kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mú ohùn gìtá rẹ̀ lágbára. I. K. Dáíró, tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ní 1930, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú orin jùjú débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní 1963. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, Démọ́lá Adépọ̀jù ta irú gìtá kan nínú rẹ̀ tí a ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti tẹ irin náà, okùn á le tàbí kí ó dẹ̀, ohùn á sì máa yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni: líle àti dídẹ̀.

Ẹ̀rọ ìmiohùn tí a ń kọ́ lónìí, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní nǹkan bí 1930, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clayton Kauffman ti ṣe irin kan tó lè mi okùn gìtá. Merle Travis, olórin Amẹ́ríkà, ní irú rẹ̀ lára gìtá tirẹ̀, ṣùgbọ́n okùn kì í dúró sí ohùn. Ó gbé e lọ bá Paul Bigsby, ọ̀gá oníṣẹ́ irin kan ní California, pé kí ó bá òun tún un ṣe. Bigsby yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá kúkú ṣe òmíràn tó jẹ́ tuntun. Ó di ọjà káàkiri ayé láti nǹkan bí 1950 wá. Bigsby kú ní 1968, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ náà di òní. Ilé iṣẹ́ Fender ni ó ra orúkọ ọjà náà ní 2019.

Ṣé ẹ rí i? Nítorí pé okùn kò padà dáadáa ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ yìí. Ẹni tó bá wá dè é láìbìkítà, ó tún ti dá wàhálà àtijọ́ sílẹ̀.

3. Ẹ ka ara páálí

Ibí yìí ni ìwé kíkà ti wúlò. Ẹ̀rọ yìí máa ń wà nínú páálí, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó ń ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ju ìwé náà nù kí wọ́n tó tú ọ̀rá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ lè rí níbẹ̀: vibrato àti tremolo. Ìtumọ̀ vibrato ni pé ohùn ń lọ sókè sódò. Ìtumọ̀ tremolo gan-an ni pé ariwo ń pọ̀, ó ń dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Leo Fender gbé gìtá Stratocaster jáde ní 1954 pẹ̀lú irú ẹ̀rọ yìí nínú rẹ̀, tremolo ni ó pè é, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, èyíkéyìí tí ẹ bá rí lára páálí, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀. Ti Bigsby, B5 wà fún gìtá tí àyà rẹ̀ tẹ́jú, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ igi gidi. B7 wà fún èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ igi gidi, ṣùgbọ́n tí àyà rẹ̀ yọ bí ikùn. B3 wà fún gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo tí ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ẹni tí kò ka nọ́ńbà yìí lè san owó gidi ra B5, kí ó délé kí ó rí i pé kò jókòó lórí gìtá òun. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan péré ni, ṣùgbọ́n owó ńlá wà nínú rẹ̀.

4. Ṣé kí a lu ihò, àbí kí a má lù ú?

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó mú ẹ̀rọ ìluhò.

Èkíní: ta ló ni gìtá yìí? Bí ó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti ẹgbẹ́, tàbí èyí tí ẹ yá, ẹ gba àṣẹ ẹni tó ni ín, kí ó sì fi ọwọ́ sí ìwé. Aláwìn kì í gé aṣọ aláṣọ.

Èkejì: ṣé gìtá àtijọ́ tó níye lórí ni? Gìtá àtijọ́ tí a bá lu ihò tuntun sí, iye owó rẹ̀ lórí àtẹ á dín kù.

Ẹ̀kẹta: ṣé ọ̀nà kan wà tí kò gba ihò? Ó wà fún àwọn gìtá kan. Bí irin ìdí okùn tí gìtá náà bá wá ti jẹ́ èyí tí bóòtù ńlá méjì dì mú, ilé iṣẹ́ Vibramate ń ṣe àwo irin kan tí a lè fi bóòtù méjì yẹn náà dè mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìmiohùn á wá jókòó lórí àwo náà. Lọ́jọ́ tí olówó gìtá bá sọ pé òun kò fẹ́ mọ́, a ó tú u, gìtá á sì wà bó ṣe wà. Bí ọ̀nà yìí bá ṣeé ṣe fún yín, òun ni kí ẹ gbà. Ẹ lè fo ìsọ̀rí 7.

5. Ohun èlò

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀:

Rúlà tó ní mìlímítà.
Pẹ́ńsùlù tó mú ẹnu.
Tépù bébà tí àwọn oníkunsù ń lò.
Òwú funfun.
Sukúrúdíráfà.
Ẹ̀rọ ìluhò àti irin rẹ̀ kéékèèké.
Ìṣó kan tó mú ẹnu.
Àbẹ́là díẹ̀.
Okùn gìtá tuntun, odidi páálí kan.
Agolo kékeré tí ẹ ó máa kó sukúrúù sí.

Ẹ tẹ́ aṣọ nípọn sórí tábìlì kí gìtá má bàa ha. Ẹ má sì ṣe iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ Sátidé tí òde wà lálẹ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Okùn tuntun nílò àyè láti fà tán.

6. Wíwọ̀n

Àwa ará Odò-Ọwá kì í ṣe òpè sí ọ̀rọ̀ igi. Bámigbóyè, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú ní 1975, ọmọ àdúgbò wa níhìn-ín ni. Láti ara ìtì igi kan ṣoṣo ni ó ti ń gbẹ́ ère ńlá tó ní ẹlẹ́ṣin, ọmọ ogun àti ìyá ọlọ́mọ lórí. Ní 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yale University ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ayé wá wò ó. Ẹni tó ń gbẹ́ ère láti ara igi kan ṣoṣo kò ní ibi tí yóò ti mú ọwọ́ ère míràn wá bí ó bá gé e dànù. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń gé igi, kí àdá tó gé e. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ ẹ̀yà ara gìtá mélòó kan. Gìtá ní orí, ó ní ọrùn, ó ní ara, bí ènìyàn. Lórí àyà rẹ̀, irin kan wà tí okùn gùn lé. Àwọn onígìtá ń pè é ní bíríìjì, nítorí pé okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ní ibi tí orí àti ọrùn ti pàdé, egungun kékeré kan wà tó ní ojú mẹ́fà, tí okùn ń gbà kọjá. Àwọn onígìtá ń pè é ní nọ́ọ̀tì. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì ti bóòtù o.

Nísinsìnyí, ẹ tú okùn àti irin ìdí àtijọ́. Ẹ lẹ tépù bébà mọ́ ibi tí ẹ̀rọ máa jókòó sí, kí ẹ lè fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sórí rẹ̀ láìba ọ̀dà jẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ lé e, ẹ má tíì dè é. Ẹ wo ìwé inú páálí fún bí ó ṣe yẹ kí ó jìnnà sí bíríìjì tó. Bí ó bá sún mọ́ bíríìjì jù, okùn á ká lójijì, kò ní lè yọ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú méjì dúró fún okùn tó nípọn jù àti èyí tó tín-ín-rín jù. Ẹ na òwú kọ̀ọ̀kan láti nọ́ọ̀tì, kí ó gba orí bíríìjì kọjá, títí dé ibi tí okùn yẹn máa so mọ́ lára ẹ̀rọ. Ẹ wo nǹkan méjì:

(a) Níbi tí ọrùn ti wọ ara gìtá, ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti etí ọrùn. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 4 ní ọ̀tún, tí ó sì jẹ́ mìlímítà 6 ní òsì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ìdajì 10 ni 5. Nítorí náà, ó yẹ kí ó jẹ́ 5 ní ọ̀tún, 5 ní òsì.

(b) Lórí bíríìjì, òwú kò gbọ́dọ̀ wọ́. Láti orí dé ìdí, kí ó tọ́ bí ọ̀pá. Bí ó bá wọ́ sápá kan, ẹ sún ẹ̀rọ díẹ̀, kí ẹ tún wò ó.

Ìgbà tí méjèèjì bá tọ́ ni kí ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi ihò sukúrúù. Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò. Ẹ lọ mu omi. Ẹ padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí òǹkà kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ tún un wọ̀n.

7. Lílu ihò

Ihò tí a máa lu gbọ́dọ̀ kéré sí sukúrúù, kí eyín sukúrúù lè rí igi gbá mú. Ẹ wo sukúrúù náà dáadáa: ó ní eyín, ó sì ní egungun láàárín eyín. Egungun yẹn ni kí irin ìluhò bá dọ́gba. Bí egungun rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 3, ẹ fi irin mìlímítà 3 lù ú. Bí ihò bá fẹ̀ jù, sukúrúù á máa yí lásán. Bí kò bá tilẹ̀ sí ihò, igi lè sán, tàbí kí orí sukúrúù já sínú rẹ̀.

Jíjìn rẹ̀ ńkọ́? Ìṣirò ni. Bí sukúrúù bá gùn ní mìlímítà 25, tí irin ẹ̀rọ tó máa gbà kọjá sì nípọn ní mìlímítà 5, mìlímítà 20 ni ó máa wọ inú igi. Ẹ wọn mìlímítà 20 láti ẹnu irin ìluhò, kí ẹ sì lẹ tépù mọ́ ibẹ̀. Bí tépù bá ti kan àyà gìtá, ẹ dúró. Kí ẹ tó lù ú, ẹ fi rúlà wo bí ara gìtá ṣe nípọn tó, kí irin má bàa yọ lẹ́yìn. Ti gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo yàtọ̀ o. Pákó àyà rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an. Ẹ má lu àyà rẹ̀ rárá, àfi bí ìwé inú páálí bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ẹnu ìṣó tẹ àárín àmì kọ̀ọ̀kan, kí irin ìluhò má bàa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìluhò kọ́kọ́ yí sẹ́yìn díẹ̀ títí yóò fi ha ọ̀dà kúrò lójú ihò, nítorí pé bí ó bá yí síwájú lójijì, ọ̀dà lè fọ́ káàkiri. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i síwájú, kí ẹ lu ihò ní ìdúró ṣánṣán, láìkánjú. Ẹ fi sukúrúù pa àbẹ́là lára kí ó lè wọlé wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí ó bá ti jókòó, ó tó. Agbára àṣejù ló ń fọ́ eyín inú igi.

8. Wáyà ilẹ̀

Ẹ fara balẹ̀ ka ìsọ̀rí yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Nínú gìtá oníná, wáyà kan wà tó so gbogbo irin tí ọwọ́ ń kàn mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Nínú ọ̀pọ̀ gìtá, irin ìdí okùn tàbí bíríìjì ni wáyà yìí so mọ́. Bí ẹ bá tú irin ìdí àtijọ́, ẹ wò ó bóyá wáyà náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ó tún kan irin ẹ̀rọ tuntun tàbí bíríìjì, irin sí irin, láìsí ọ̀dà láàárín. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, gìtá á máa kùn bí oyin, kùnkùn rẹ̀ á sì máa dín kù tàbí kí ó máa pọ̀ bí ọwọ́ yín bá ti ń kan àwọn irin rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀. Nítorí pé okùn gìtá so mọ́ irin ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ara ẹni tó ń ta gìtá náà ti so mọ́ ọn nìyẹn. Bí ẹ̀rọ náà tàbí makirofóònù bá ń jo iná, tí wáyà ilẹ̀ wọn kò sì dára, iná lè gba ara olórin kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, fọwọ́ kan makirofóònù tí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò dára, gìtá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná pa á lórí ìtàgé.

Nítorí náà, ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ agbóhùnsókè nítorí kí ó lè wọ ihò ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ yẹ wáyà ilẹ̀ wò, pàápàá níbi tí a bá ti ń lo jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan makirofóònù tí ó ta yín bí ìtakùn èèsìn, ẹ pa gbogbo nǹkan. Ẹ má sọ pé, “Kékeré ni.”

9. Fífi okùn sí i

Ìdí okùn gìtá kọ̀ọ̀kan ní òrùka irin kékeré. Lára ẹ̀rọ Bigsby, ọ̀pá róbótó kan wà tó ní ìṣó kékeré mẹ́fà. Òrùka yẹn ni a ń fi kọ́ ìṣó, tí okùn á sì ká ọ̀pá náà kọjá lọ sórí bíríìjì. Ó máa ń dán sùúrù ènìyàn wò, nítorí pé bí okùn kò bá tíì le, òrùka á máa yọ kúrò lára ìṣó. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ká ìdí okùn mọ́ ara sukúrúdíráfà, kí ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, kí ẹ tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóòmù kékeré há abẹ́ rẹ̀ kí ó má yọ, títí ẹ ó fi fà á le lókè.

B5 àti B7 ní ọ̀pá kejì níwájú ti àkọ́kọ́. Abẹ́ ọ̀pá kejì yìí ni okùn ń gbà, kì í ṣe orí rẹ̀. Òun ni ó ń tẹ okùn mọ́ bíríìjì.

Lókè, ẹ má ká okùn mọ́ èèkàn ju ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí ó bá ká pọ̀ jù, á máa tú, á máa dì bí a ti ń mi apá ẹ̀rọ. Kí okùn tó bọ́ sínú ojú nọ́ọ̀tì, ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù pa inú ojú náà. Dúdú pẹ́ńsùlù ń jẹ́ kí okùn yọ̀. Pẹ́ńsùlù tí ẹ fi kọ̀wé ní kíláàsì náà ni o.

Ẹ wá fi ìka fa okùn kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe, kí ẹ tún fà á, títí kò fi ní wálẹ̀ mọ́.

10. Ìdánwò: ṣé okùn padà?

Ẹ tún ohùn gìtá ṣe pátá. Ẹ tẹ apá ẹ̀rọ wálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fetí sí okùn kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ ìwọnhùn wò ó.

Bí ohùn okùn kan bá padà wá tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ gbọ́ “tíń” lókè, okùn náà ti há sínú ojú nọ́ọ̀tì. Ojú ibẹ̀ dọ̀tí tàbí ó há jù. Ẹ nù ún, ẹ fi pẹ́ńsùlù pa á sí i.

Bí ohùn bá padà wá tó lọ sílẹ̀, okùn kò tíì fà tán, tàbí ó ń yọ̀ lára èèkàn. Ẹ fa á, kí ẹ sì wo bí ẹ ṣe ká a.

Bí ohùn bá ṣì ń ṣe ségesège, ẹ wo bíríìjì. Bí okùn kò bá lè yọ̀ lórí rẹ̀, bíríìjì oníkẹ̀kẹ́ kéékèèké wà tí a lè rà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí irin kejìlá ọrùn gìtá, kí ẹ ta á, kí ẹ tètè gbé ìka. Ẹ tẹ okùn yẹn mọ́ ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ sún bíríìjì okùn náà sẹ́yìn díẹ̀, sí apá ìdí. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ sún un síwájú, sí apá ọrùn.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ yìí lè ṣe ohun gbogbo. Ti Bigsby kì í gbé ohùn lọ jìnnà. Wọ́n ṣe é fún mímì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ ni. Sípíríǹgì àti okùn ń fà síra bí òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá pààrọ̀ okùn sí èyí tó nípọn jù tàbí tó tín-ín-rín jù, òṣùwọ̀n náà á yí, apá ẹ̀rọ á lọ sókè tàbí wálẹ̀. Irú okùn kan ni kí ẹ máa lò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí gìtá jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ kì í ní méjì. Bí a bá lu ti ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́, a ti gba oúnjẹ lẹ́nu ilé rẹ̀. Rúlà, pẹ́ńsùlù àti ìwé inú páálí ni ààbò rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ti mọ̀ ọ́n lò báyìí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ọsán ń ṣe lára dùndún? Kí ni ó dà bí rẹ̀ lára gìtá?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín vibrato àti tremolo?
3. Sukúrúù kan gùn ní mìlímítà 30. Irin ẹ̀rọ nípọn ní mìlímítà 6. Ibo ni ẹ ó lẹ tépù mọ́ lára irin ìluhò?
4. Àlàfo ọ̀tún jẹ́ mìlímítà 3, ti òsì jẹ́ mìlímítà 7. Èló ni ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́?
5. A tẹ apá ẹ̀rọ, a fi í sílẹ̀, ohùn okùn kẹta padà wá, ó ga jù. Ibo ni wàhálà wà?
6. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí olórí ẹgbẹ́ akọrin kan. Ẹ bèèrè àṣẹ láti de ẹ̀rọ ìmiohùn mọ́ gìtá ẹgbẹ́. Ẹ sọ bóyá ẹ máa lu ihò tàbí ẹ kò ní lu ihò, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á.